Àkọ̀ Àtijọ́, Àkọ̀ Ìwòyí: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ ní Festac Town

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò fìgbà kan ronú nípa àkọ̀ fúnra rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tí ń mú kí ó dára, àti ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí ilé àti ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ kò bá bára wọn mu. Ó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan tí bàbá mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n wá sí Festac ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n wá bá wọn mú ẹrù kékeré kan lọ sọ́dọ̀ oníṣọ̀nà awọ.

Erékùṣù Èkó ni mo ń gbé. Nígbà kan rí, ẹni tí yóò bá ti Marina lọ sí Festac ní láti mú sùúrù dání, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ti mú ìrọ̀rùn bá ọ̀nà náà. Kìlómítà 13 péré ni láti Marina dé Mile 2. Ọkọ̀ náà gba orí omi kọjá, ó sì dúró ní Ìgànmú, níbi tí gbọ̀ngàn eré ńlá tí ó rí bíi fìlà sójà wà. Mo ń wo gbọ̀ngàn náà láti ojú fèrèsé, mo sì rántí pé ọmọ ìyá ni òun àti àdúgbò tí mo ń lọ. Àjọ̀dún kan náà ni a kọ́ àwọn méjèèjì fún.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ènìyàn dúdú láti gbogbo àgbáyé péjọ sí Nàìjíríà fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà tí a mọ̀ sí FESTAC '77. Àwọn olórin, oníjó, òǹkọ̀wé àti oníṣọ̀nà tí ó wá lé ní 15,000. Orí ilẹ̀ àwọn Àwórì, ní ibi tí a ń pè ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lónìí, ni ìjọba kọ́ ilé sí fún wọn. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n ṣẹ́ gègé lé àwọn ilé náà, wọ́n sì pín wọn fún aráàlú. Bí Festac Town ṣe di ìlú nìyẹn, pẹ̀lú òpópónà ńláńlá méje tí a fi nọ́ńbà pè, èyí tí àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké ya lára wọn bí ẹ̀ka igi.

Ohun kan wà nínú ìtàn àjọ̀dún náà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ère ojú Ìyáàfin Idia ti Bìní, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, ni wọ́n yàn ṣe àmì àjọ̀dún. Ṣùgbọ́n ère náà gan-an ti wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1897 tí wọ́n kógun ja Bìní. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Oníṣọ̀nà ilẹ̀ wa ló gbẹ́ òmíràn. Nítorí náà, tuntun tí ó bá àkókò mu ló ṣiṣẹ́ tí àtijọ́ kò rí àyè ṣe. N kò mọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń lọ bá nílé bàbá mi.

Láti Mile 2, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé First Gate, mo sì tún wọ òmíràn wọ inú Festac lọ. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi, wọ́n sì na ọwọ́ sí orí tábìlì. Àkọ̀ ìbọn ìléwọ́ kan ló wà níbẹ̀.

Ọlọ́pàá ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún àjọ̀dún yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, wọ́n sì wà lára àwọn tí ń ṣọ́ àlejò. Ọdún náà ni wọ́n fi owó ara wọn ṣe àkọ̀ yìí lọ́dọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ kan. Awọ màlúù tí ó nípọn ni. Ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí obì gbígbẹ, ìdérí rẹ̀ bo gbogbo ìbọn mọ́lẹ̀, bọ́tìnì idẹ sì ni wọ́n fi ń dè é. Ojú ìránṣọ rẹ̀ tò bí eyín ọmọdé. Ìbọn ti kúrò nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, nítorí ìjọba ló ni ín. Òfin ìbọn tí a ṣe ní ọdún 1959 sì ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ilé ṣófo ni àkọ̀ náà láti ìgbà yẹn.

Bàbá mi ní, “Kí o bá mi gbé e lọ kí wọ́n tún un ṣe. Àbúrò rẹ ni mo fẹ́ fún.”

Ọlọ́pàá ni àbúrò mi náà. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ó ń sáré dá ọ̀nà márosẹ̀ kọjá, ìbọn sì yọ́ kúrò nínú àkọ̀ tí ó rà lọ́jà, ó já lu ọ̀dà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò dún. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lọ ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi kò ti sùn dáadáa. Àbúrò mi ti fi àkọ̀ ọjà náà sílẹ̀ fún wọn, mo sì kó àwọn méjèèjì pọ̀ sínú àpò.

Ìsọ̀ Bàbá Aláwọ wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Agbójù, lábẹ́ igi dongoyárò kan. Bàtà iléèwé, ìgbànú àti báàgì tí ọwọ́ rẹ̀ já ló kún ibẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá náà. Àwọn baba wọn ló ń ṣe làbà tí àwọn adóṣù Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, wọ́n ń ṣe gàárì ẹṣin, wọ́n sì ń ṣe tìmùtìmù tí ìjòyè ń jókòó lé. Mo kí wọn, mo sì kó ẹrù mi kalẹ̀.

Àkọ̀ ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n fi ọ̀bẹ há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n wò ó. Lábẹ́ àwọ̀ dúdú tí wọ́n kùn ún, ó rí bí eérú tí a po mọ́ aró. Wọ́n ní awọ tí a fi kẹ́míkà chromium ṣe nìyẹn. Láti sẹ́ńtúrì 19 ni àwọn òyìnbó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó yá. Ó rọ̀, ó dára fún bàtà àti báàgì obìnrin, ṣùgbọ́n kì í di ìrísí tí a bá fún un mú. Wọ́n tún fi hàn mí pé ẹ̀rọ ló rán an. Òwú méjì ni ẹ̀rọ ń so kọ́ra. Bí ọ̀kan bá gé, èyí tí ó kù yóò máa tú lọ. Ibi tí òwú ti gé ní ẹnu àkọ̀ náà hàn kedere.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ti bàbá mi. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. “Awọ tí a fi igi ṣe nìyí, ọmọ mi.” Wọ́n ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ Hausa, èso igi tí wọ́n ń pè ní bagaruwa ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń rẹ awọ sí. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń ṣe awọ ewúrẹ́ Kánò àti Sókótó tí ràkúnmí ń rù kọjá nínú aṣálẹ̀ Sàhárà láyé àtijọ́. Àwọn òyìnbó tí wọ́n rà á ní etí òkun Àríwá sì ń pè é ní awọ Mòrókò. Irú awọ yìí, bí omi bá kán sí i, yóò ṣú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó tutù, tí ó sì gbẹ bẹ́ẹ̀, yóò di ìrísí náà mú. “Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí kò mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n fi yẹ̀yẹ́ mi. “Awọ tí à bá fi ṣiṣẹ́, ẹ ti fi ṣe pọ̀ǹmọ́ jẹ tán.”

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń rò ó pé wọn yóò fi òróró ra á, wọn yóò tún ojú rán tí ó já ṣe, n ó sì gbé e lọ fún àbúrò mi. Bàbá Aláwọ béèrè irú ìbọn tí àbúrò mi ń gbé. Mo pè é lórí fóònù, ó sì dárúkọ rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn ìbọn onígi tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn láti orí ògiri. Wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ìbọn gidi wá sí ìsọ̀ wọn.

“Máa wò ó,” ni wọ́n wí.

Revolver ni bàbá mi gbé nígbà tiwọn, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ rí róbótó tí ó sì ń yí. Nítorí náà ni àkọ̀ wọn fi ní ikùn láàárín. Ìbọn àbúrò mi pẹlẹbẹ. Inú èkù rẹ̀ ni ọta ń gbà wọlé. Nígbà tí igi náà wọ inú àkọ̀, ó ń mì jìgìjìgì bí ẹsẹ̀ ọmọ nínú bàtà bàbá rẹ̀. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù lọ ni ti ẹnu àkọ̀. Awọ ibẹ̀ ti rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí Bàbá Aláwọ ti ń ti igi náà wọlé, ẹnu àkọ̀ ká sínú, ó sì ṣẹ́ po sí ibi tí ìka ti ń fa ìbọn.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Bí èyí bá jẹ́ ìbọn gidi tí ọta wà nínú rẹ̀, awọ yìí ni yóò yìn ín. Itan àbúrò rẹ ni yóò sì gbà á.”

Ibẹ̀ ni ó yé mi. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rò ó pé ohun àtijọ́ dára, ohun ìwòyí kò dára, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Lóòótọ́, awọ bàbá mi dára ju ti ọjà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ṣùgbọ́n àkọ̀ kì í ṣe ti awọ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ bo ibi tí ìka ń fà pátápátá, ó gbọ́dọ̀ di ìbọn mú bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ń sáré, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin nígbà tí ìbọn kò sí nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yẹ fún ìbàdí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ogún bàbá ẹni.

Bàbá Aláwọ ní àwọn yóò ṣe tuntun, pẹ̀lú awọ màlúù líle tí wọ́n máa ń rà ní Mushin. Mo padà wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti rẹ awọ náà sínú omi, wọ́n fi wé ìbọn onígi, wọ́n sì fi egungun tẹ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi gba ìrísí. Inú ibòji ló gbẹ sí, nítorí oòrùn a máa mú kí awọ sán. Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi rán an pẹ̀lú òwú tí wọ́n fi ìda pa; abẹ́rẹ́ méjèèjì ń gba ojú ihò kan náà láti ọ̀tún àti òsì. Bí òwú kan bá já níbẹ̀, èkejì yóò dúró.

Mo gbé méjèèjì padà sílé. Bàbá mi kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní àwọn fi tàwọn ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ láìsí ìjàǹbá. Mo sọ fún wọn ohun tí ojú mi rí. Wọ́n ti ìka wọn bọ ẹnu àkọ̀ àtijọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì ká. Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò mi dé, tuntun ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìbọn sun inú awọ mọ́jú, pàápàá lásìkò òjò. Awọ a máa fa omi mọ́ra, afẹ́fẹ́ ọ̀sà Amúwo-Ọ̀dọ̀fin sì ní iyọ̀ nínú. Irin yóò dípẹtà, idẹ yóò sì di àwọ̀ ewé. Wọ́n mọ èyí ju gbogbo wa lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀pọ̀ yín kò ní fọwọ́ kan ìbọn láyé yín, mo sì gbàdúrà pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ óò ra bàtà, ẹ óò ra ìgbànú, ẹ óò sì jogún ohun tí òbí yín fẹ́ràn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ awọ kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ẹ wo ojú rán rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, kí ẹ bi ara yín léèrè bóyá ó bá yín mu.

Nígbà tí mo tún lọ kí bàbá mi, àkọ̀ àtijọ́ náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti fi òróró pa á, ó ń dán. Wọ́n ṣí bọ́tìnì idẹ rẹ̀, wọ́n sì fa awò ojú wọn yọ láti inú rẹ̀ kí wọ́n lè ka ìwé ìròyìn. Ó bá a mu rẹ́gí.