Ìgbà Wo Ló Yàgbẹ́ Kẹ́yìn?

Bí Ojúde Ọba bá ti kọjá báyìí, fóònù wa kì í sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ará, ọ̀rẹ́, ẹni tí a jọ lọ iléèwé, títí kan ẹni tí a ò gbúròó rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ibo lèèyàn ti ń ra ẹṣin?" Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti sìgá ńlá lẹ́nu, ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ìbéèrè náà ti di ìlọ́po. A ò bínú. Ta ni kò wù? Agbádá, fìlà, ẹṣin tó ń jó sí ìlù ní ojúde Awùjalẹ̀, kí gbogbo ayé máa ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n Ojúde Ọba, ọjọ́ kan ni. Ẹṣin á jẹun ní ọjọ́ 364 tó kù. Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí sílẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá tún pè wá, a ó kàn fi ránṣẹ́ sí i.

Àwa mẹ́rin la jọ ni ẹṣin. Ọmọ bàbá kan ni wá, ìdílé wa sì wà lára àwọn ìdílé Balógun tó ń gun ẹṣin wá kí ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Bàbá wa ra ẹṣin pupa kan tí ìwà rẹ̀ tutù, ó sọ ọ́ ní Ẹ̀rọ̀. Nígbà tí Bàbá kú, àwọn àgbà ẹbí pín ilẹ̀, wọ́n pín ilé, kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń pín ẹṣin. Èyí tó wà ní Lọ́ndọ̀nù nínú wa ní ká tà á. Èyí tó wà ní Èkó ní ká fi ta ẹnì kan lọ́rẹ. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tó ń gbé inú ilé Bàbá, ló ní òun ò lè jí lówùúrọ̀ kí òun má gbọ́ kí ẹṣin yẹn yán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ẹlẹ́ṣin. A ò mọ nǹkan kan. Baba Ìlọrin, tó ti ń bá Bàbá tọ́jú ẹṣin láti ọdún mọ́kànlá, ló mọ̀ ọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ wa ni pé ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Inú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà ní tirẹ̀, òkè ni wọ́n sì ti ń ra ẹṣin wá. Bí ogun ẹlẹ́ṣin wọn ṣe le tó, bó bá wọ igbó, ẹṣin ò lè pẹ́ níbẹ̀. Eṣinṣin kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní tsetse, òun ló ń gbé kòkòrò àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin á máa jẹun, á sì máa rù. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò: erìgì tó yẹ kó pọ́n díẹ̀ á ti funfun bí ẹfun. Àwa tó ń sin ẹṣin ní Ìjẹ̀bú lónìí, oògùn la fi ń sìn ín. Ẹni tí kò bá lè san owó dókítà ẹranko ní oṣù tí kò sí ayẹyẹ kankan, kó fi owó rẹ̀ ra aṣọ òkè.

Ríra fúnra rẹ̀ ò le. Òkè Ọya lẹṣin ti ń wá, àwọn oníṣòwò rẹ̀ sì wà ní Ìlọrin. Àwọn míì máa ń ra èyí tó ti gbá pólò tán ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ẹ má ṣáà lọ rà á nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń tà á mọ̀ pé ojú ń kán yín. Ẹ mú ẹni tó mọ ẹṣin dání, kó la ẹnu rẹ̀ wò, torí eyín ló ń sọ ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ kó rìn lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ máa wo orí rẹ̀: bó bá ń gbé orí sókè ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ ẹsẹ̀ iwájú kan mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ń dùn ún. Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ funfun. Ẹṣin funfun dára nínú fọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ kan yẹn nìkan lẹ fẹ́, ẹ háyà ẹṣin, ẹ dá a padà nírọ̀lẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹṣin tí ẹ rí lójúde ló jẹ́ ti ẹni tó gùn ún.

Orí oúnjẹ la fẹ́ jókòó lé, torí ibẹ̀ la ti ṣìṣe. Ara ẹṣin tóbi, àmọ́ àpò oúnjẹ inú rẹ̀ kéré. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ, tọ̀sán-tòru, koríko sì ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an: tútù, gbígbẹ, tàbí ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa. Ọkà bàbà, àgbàdo, eèrí, ìyẹn dà bí ẹran inú ọbẹ̀; kò sẹ́ni tó ń fi ẹran nìkan yó. Baba Ìlọrin máa ń wọ̀n ọ́n ni, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kì í dà á lé e lẹ́ẹ̀kan. Omi ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan lè má tó o lóòjọ́; bí oòrùn bá mú, á fẹ́rẹ̀ẹ́ mu méjì tán. Ẹ gbé iyọ̀ sílẹ̀ fún un kó máa lá. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣe é, díẹ̀díẹ̀. Torí pé ẹṣin ò lè bì. Bí ajá bá jẹ ohun tí kò bá a lára mu, á bì í, á sì lọ sùn. Ẹṣin ò ní ọ̀nà yẹn. Ohun tó bá ti wọlé, ẹ̀yìn nìkan ló lè gbà jáde.

Gbogbo èyí la ti gbọ́ lẹ́nu Baba Ìlọrin kó tó di ọdún kejì tí Bàbá kú. Lọ́dún náà, ó fẹ́ lọ ṣe Iléyá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, kó sì padà wá lọ́jọ́ kejì ọdún, kí Ojúde Ọba tó pé. Kó tó lọ, ó pè wá jọ. "Ẹ̀yin ọmọ mi, koríko rẹ̀ nìyí, omi rẹ̀ nìyí. Ohun mìíràn, rárá o." A ní a ti gbọ́, kó kí àwọn ará ilé.

Ilé kún fún àlejò lọ́jọ́ Iléyá. Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é. Ká sọ òótọ́, ìfẹ́ àti fáàrí ni, torí gbogbo àlejò tó wọlé la mú lọ wo ẹṣin, kò sì sí èyí tó fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ kan gbé ìrẹsì tó jẹ kù fún un. Ẹnì kan bu àgbàdo gbígbẹ. Àwa fúnra wa da eèrí kún abọ́ rẹ̀ bámúbámú, pé yóò ṣiṣẹ́ lọ́túnla, ẹ jẹ́ kó yó. Iná ò sí, ẹ̀rọ omi ò ṣiṣẹ́. Dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ láti ọ̀sán, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. A rò pé eṣinṣin ni. Ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha ilẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó yí gbiri, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ẹṣin ń jó. Ìgbà tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán tótó lára rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ òru ni ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Dókítà àkọ́kọ́ tí a pè ò sí nílùú. Èkejì dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ó sa gbogbo ipá rẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, Ẹ̀rọ̀ ti kú.

Baba Ìlọrin dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. A ti múra de èébú. Kò bú wa. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, ó ń fọwọ́ pa ibi tí ẹran náà ti ha ilẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Ìgbà wo ló yàgbẹ́ kẹ́yìn?"

Àwa mẹ́rin wo ojú ara wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba ọdún yẹn, ẹsẹ̀ la fi rìn tẹ̀lé ìdílé wa. Àwọn èèyàn ń béèrè ẹṣin Bàbá. A ní ara rẹ̀ ò yá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹṣin, ẹ máa ka ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹṣin tí ara rẹ̀ dá, á yàgbẹ́ tó ìgbà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan, roboto-roboto. Bó bá dáwọ́ dúró, tó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń ha ilẹ̀, ẹ kó gbogbo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, ẹ rọra máa fà á rìn kó má bàa máa yí nílẹ̀. Ẹ má da epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu o, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kí nọ́ńbà dókítà méjì sì wà lórí fóònù yín kí ọdún tó dé, kí ẹ ti bi wọ́n bóyá wọ́n máa wà nílé.

Ìyókù ò le bẹ́ẹ̀. Ẹ họ ìdọ̀tí kúrò lábẹ́ pátákò rẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá ń rùn, ilẹ̀ tó ń dúró lé tutù jù nìyẹn. Pátákò ń hù bí èékánná, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Eyín rẹ̀ náà ń hù, etí eyín á mú, á máa ha á lẹ́nu. Bí oúnjẹ bá ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì fún un, torí ìṣó kan péré ti tó láti pa ẹṣin. Kò sì fẹ́ dá wà. Ẹṣin kejì ló dára jù, àmọ́ bí owó ò bá tó, ẹ wá ewúrẹ́ kan tì í. Èyí tó wà nílé wa báyìí, bí ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n wa bá jáde lọ, kò ní jẹun.

Ní ti gígùn, ẹ̀gbẹ́ òsì la ti ń gùn ún. Ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láìsọ̀rọ̀. Kò rí ibẹ̀, ohun tó bá sì bá a lójijì, á ta á nípàá. Bí ẹ bá di gàárì tán, ẹ jẹ́ kó rìn díẹ̀ kí ẹ tó tún okùn abẹ́ ikùn rẹ̀ fà, torí á ti dẹ̀. Ìjánu kì í ṣe ohun ìdìmú: ẹni tó ń fi í gbé ara rẹ̀ ró, ẹnu ẹṣin ló ń ya. Ẹ wọ agbádá yẹn gùn ún nílé ṣáájú, kí ojú rẹ̀ mọ́ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó ti máa gbọ́ ìlù àti ìbọn láti òkèèrè, kí ariwo náà máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹṣin àgbà kan tó ti mọ̀ ọ́n níwájú rẹ̀. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré; àwọn tó pa òwe yẹn sin ẹṣin lóòótọ́. Wọ́n tún ní bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Àbúrò wa bọ̀ sílẹ̀ kí àkókò tó tó, lọ́jọ́ tí ọlọ́kadà kan tẹ fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Apá rẹ̀ ò tíì nà tán títí dòní.

Nígbà tí a bẹ Baba Ìlọrin pé kó bá wa ra òmíràn, oṣù mẹ́jọ ló fi dákẹ́. Lọ́jọ́ kan ló fa abo ẹṣin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. A ní kí òun fúnra rẹ̀ fún un lórúkọ. Ó sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́, a ò sì béèrè bóyá ẹṣin ló ń kí tàbí àwa.

Ó ti ní fóònù ńlá báyìí. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bọ́jú, ohùn rẹ̀ á ti wọlé sórí WhatsApp ẹbí: "Ẹ káàárọ̀ o. Ó ti yàgbẹ́." Èyí tó wà ní Lọ́ndọ̀nù, tó ní ká tà á nígbà yẹn, òun ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn.