Ìkarahun Tí A Kọ́ Sí Ọrùn Ẹlẹgbẹ́ Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún kò ní béèrè ohun tí à ń pè ní sìnyáàlì. Nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí ni a ṣe ń ṣàlàyé. Láti ayé ìjọba Faransé ni ó ti wà ní ilé-ìwé: egungun, pákó tàbí ìkarahun ìgbín tí a so okùn mọ́, tí a ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ yóò máa dẹ etí sílẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi ṣì í sọ, kí ó lè bọ́ ọ fún un. Ẹni tí agogo ìrọ̀lẹ́ bá bá a lọ́rùn rẹ̀ ni yóò jẹ ẹgba.

Ọdún 1975 ni Dahomey di Bẹ̀nẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1978, nígbà tí a wọ ọdún kìíní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ilẹ̀ Kétu, ìkarahun ṣì wà lórí tábìlì olùkọ́ wa.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín sí, láìsí ẹni tí ó pín wa. Àwọn ọmọ akọ̀wé àti ọmọ aṣọ́bodè, tí wọ́n ti gbé Kútọnu rí, ni Faransé yọ̀ lẹ́nu wọn. Àwa ọmọ ìgboro tẹ̀lé wọn. Àwọn ọmọ abúlé ni ó gbẹ̀yìn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí a sọ ní Ará-Oko. Ó mọ ìṣirò jù wá lọ. Bí a óò bá sọ òtítọ́, èyí wà lára ohun tí a kò dárí rẹ̀ jì í.

Nígbà tí ó yé e pé ẹnu òun ni yóò máa kó bá òun, ó dákẹ́. Àwa náà fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Nígbà tí a bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹnìkan nínú wa yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò ké, "Yéè, ìyá mi o!", a ó sì kọ́ ìkarahun sí i lọ́rùn. Yorùbá kọ́ ni ó fi ké ni? Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní òfin ni òfin. Fún bí oṣù méjì, òun ni ẹgba ń bá. Kò sunkún. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé kò bá wa gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Nígbà tí ó yá, bí wọ́n béèrè ìṣirò tí ó mọ̀ dájú, kò na ọwọ́ sókè.

Ní ọjọ́ ọjà kan tí kò wá sí kíláàsì, ìyá rẹ̀ yà sí ilé-ìwé. Ó bá wa lábẹ́ igi máńgòrò, ó sọ igbá orí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìwé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ni ó ṣe ọ̀rẹ́ yín? Kì í bá wa sọ̀rọ̀ nílé mọ́."

Ẹni tí ìkarahun wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà dúró tì wá, ó ń wo ẹnu wa. A kò dáhùn. A kò tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí òfin ilé-ìwé kankan tí ó de ìdọ̀bálẹ̀. Ìyá tún kí wa lẹ́ẹ̀kejì. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń wo ọmọ tí a kò kọ́ nílé, ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó lọ.

Kí ìdánwò ìparí ọdún tó dé, Ará-Oko kò wá mọ́.

Nínú àpérò wa, a máa ń di gbogbo ẹ̀bi yìí ru Faransé àti àwọn olùkọ́ ìgbà náà. Ẹ̀bi wọn kò kéré. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní títẹ ọmọ lẹ́sẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìkarahun bá wà lọ́rùn rẹ̀, kò lè wà lọ́rùn tiwa, àwọn ọmọ akọ̀wé yóò sì bá wa rẹ́rìn-ín. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tiwa lónìí kò nílò ìkarahun. Fóònù ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹni méjì nínú wa pàdé rẹ̀ ní ọjà Kétu, níbi tí ó ti ń ta àgbàdo. A kí i ní Yorùbá. Faransé ni ó fi dá wa lóhùn, òun náà ni ó fi béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wa títí a fi pínyà. Láti ìgbà náà, a ti sọ ọ́ ní ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta pé kí a kó ara wa jọ lọ sí ilé rẹ̀. A gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. A kò tíì lọ.