Ìjàpá Bàbá Mi Àgbà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìfẹ́ Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá ń pa mí bí ọtí. Ojó l'Ékòó ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí to irú rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa ní 1975. Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe ìkẹyìn ní 2003. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kì í mu omi. Atẹ́gùn ní ń tù ú. Láti Ọ̀mù-Àrán dé Èsìẹ́ ni mo ti ń ka àwọn tó kù. Méjì péré ni mo rí lọ́dún yìí, adìẹ sì ń yé sínú ọ̀kan!

Àwọn tí ń ra irin àlòkù ti wá bá bàbá mi nítorí ti bàbá àgbà. Wọ́n fẹ́ fi owó rẹ̀ san owó ilé-ìwé mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún kábúrétọ̀ rẹ̀ ṣe." Wọ́n fún mi di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.