Ta Ló Wà Lórí Òkè?

Agbolé wa, Bẹyẹrúnká,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kejì.

Àdùkẹ́ mi,

Mo ka ohun tí o kọ sí mi lórí WhatsApp, mo tún un kà. Ó yẹ kí n fèsì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìka mi ò yá lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Màá fi ìwé yìí rán ẹni tó ń bọ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ Ẹtì.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo kà á sétí ìyá àgbà rẹ. Wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní Àdùkẹ́ ti ń tọ́jú owó láti ọdún méjì, ó fẹ́ lọ sí Norway lóṣù Keje, ó fẹ́ lọ gun òkè, kó máa sùn nínú àgọ́ létí adágún. Wọ́n dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

"Ta ló wà lórí òkè ọ̀hún?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan.

"Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?"

Mo ní wọn ò ta nǹkan kan.

"Àbí wọ́n ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ ni?"

Mo ní rárá o. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ náà sì gbà fún un?" Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Má rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí èmi náà bi àwọn òyìnbó nìyẹn ní 1984. Ọdún yẹn ni wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí Edinburgh fún kọ́ọ̀sì ọdún kan, lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn mẹ́ta tí a jọ wà ní kíláàsì ní ká jọ lọ sí Pentland, àwọn òkè tó tò lẹ́yìn ìlú náà níhà gúúsù. Mo bèèrè pé ta la fẹ́ lọ kí. Wọ́n wojú ara wọn. Mo rò pé òyìnbó ẹnu mi ni kò yé wọn, mo bá rọra tún un sọ: ta ló wà lórí òkè? Wọ́n ní kò sẹ́nì kan, àgùntàn ló wà níbẹ̀.

Bàtà dúdú tí mo fi ń lọ sí kíláàsì ni mo wọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ilẹ̀ ibẹ̀ dà bíi fóòmù tí wọ́n rẹ sómi. A ò tíì rìn tó wákàtí kan tí ẹsẹ̀ òsì mi fi wọlẹ̀ dé orúnkún. Mo fà á yọ, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló jáde. Ọ̀kan nínú wọn dojú bolẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó wá bàtà náà kàn, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí ẹni gbé ẹ̀bùn ìyàwó. A ń lọ. Gbogbo géètì tí a bá ṣí, ẹni tó kẹ́yìn á padà tì í, kí àgùntàn onílé má baà jáde. A dé orí èyí tó ga jù, mítà 579 ni. Atẹ́gùn ń lẹ aṣọ mọ́ wa lára. Wọ́n yọ fíláàsì, wọ́n bu tíì, wọ́n pín búrẹ́dì, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Ni wọ́n bá dìde, a sọ̀ kalẹ̀. A ò rà, a ò tà, a ò kí ẹnikẹ́ni, a ò mú ohunkóhun bọ̀. Mo bínú délé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, èmi ni mo bi wọ́n pé ìgbà wo la tún ń lọ.

Kí ló fà mí padà? Kì í ṣe òkè. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ta ni yóò fi òkè yangàn sí mi? Lóòótọ́, ẹ̀bá ọ̀dàn ni wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ, ṣùgbọ́n òkè ló kún un. Bí mo bá jáde láti agbolé yìí, bóyá kí n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni tàbí kí n sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí mo gun òkè rí láìní iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ jẹ́. Bí o bá dúró gbọ̀ngbọ̀n ní Bẹẹrẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnìkan á bi ọ́ pé kí lò ń wá. Ìfẹ́ ni, kì í ṣe ìyọjúràn, nítorí kí wọ́n lè júwe ọ̀nà fún ọ ni. Ní Pentland, odidi ọjọ́ kan kọjá, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mò ń wá, n kò sì wá nǹkan kan. Ọpọlọ mi, tó ti ń gbé ẹrù láti kékeré, sọ ọ́ kalẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa ń bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Ìyá àgbà rẹ tó ń bèèrè ẹni tó wà lórí òkè yìí, Kumasi ní Ghana ni wọ́n ti ta aṣọ títí di oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré láti kẹ́rù. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ sí. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì mọ ìtàn àwọn ará àdúgbò tó ti gba Sudan lọ síbẹ̀ kí ọkọ̀ òfúrufú tó dé, tí àwọn mìíràn lo ọ̀pọ̀ ọdún lójú ọ̀nà. Gbogbo ìrìn wọ̀nyẹn ló nídìí: ọjà ni, Ọlọ́run ni, òkú ni, ìyàwó ni. Àwọn akọni inú ìwé Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní 1938 pàápàá, ọba ló rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Lágelú tó tẹ ìlú wa dó, tó sì gun Òkèbàdàn, ogun ló lé e débẹ̀, èso òro àti ìgbín lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Títí di òní, bí oṣù Kẹta bá ti dé, wọ́n máa ń bọ òkè náà; láyé àtijọ́, odidi ìlú ò ní dáná lọ́jọ́ náà, kálukú á máa fi orin yẹ̀yẹ́ bú ara wọn káàkiri. Òkè kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ fún wa, ìyá tó gbà wá là ni.

Ẹnìkan ṣoṣo tó rìn nítorí ìrìn lásán, a sọ orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀: Olábísí Àjàlá. Ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní 1952, ó tún fi sukúta rìn yí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ká, agbádá lọ́rùn. Bí ọmọ kan ò bá gbélé ní Ìbàdàn lónìí, Àjàlá ni wọ́n ń pè é, o ò sì ní mọ̀ bóyá wọ́n ń yìn ín ni tàbí wọ́n ń bú u.

Mo tún gbọ́dọ̀ gbèjà àwọn àgbà díẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, tí odò Ògùnpa kún, kò ní máa wo omi bí nǹkan ìṣeré. Mo dúró sí ibi tó ga lọ́jọ́ kejì, mo rí odidi ilẹ̀kùn tí omi ń gbé lọ, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Igbó ńkọ́? Kí àwọn gómìnà ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù tó dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ajínigbé ti gba ibẹ̀ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, wọn ò sì tíì kúrò níbẹ̀ tán. Bí o bá sọ fún mi pé ìwọ nìkan fẹ́ lọ sùn nínú àgọ́ ní igbó tó wà láàárín ibí àti Ògbómọ̀ṣọ́, màá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Pé obìnrin lè dá rìn nínú igbó kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀, ohun tí o ń sanwó fún gan-an nìyẹn, bó o tilẹ̀ ń pè é ní òkè.

Mo ti ka ohun tí mo lè rí kà nípa Norway. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1957 gba ẹnikẹ́ni láyè láti rìn lórí ilẹ̀ tí wọn kò dá oko sí, ẹni yòówù kó ni ín. O lè pàgọ́ síbẹ̀ fún alẹ́ méjì láìtọrọ àyè, bí o bá ti jìnnà sílé ẹni tó mítà 150. Ẹgbẹ́ arìnrìn-òkè wọn, DNT, wà láti 1868. Àwọn ló fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà T sára òkúta lójú ọ̀nà, kí àjèjì má baà sọnù. Ilé wọn fún àwọn arìnrìn-òkè lé ní 550. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni àwọn kan tí kò lólùṣọ́: wàá fi kọ́kọ́rọ́ ẹgbẹ́ ṣílẹ̀kùn, wàá bá oúnjẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wàá sè, wàá jẹ, wàá kọ ohun tí o jẹ sílẹ̀, wàá sì sanwó. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á sọ pé òyìnbó nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ fún wọn pé nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá ń lọ sóko, a máa ń bá ọsàn tí wọ́n pàtẹ sídìí igi lójú ọ̀nà, kò ní sí ẹ̀dá alààyè kan nídìí rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye rẹ̀: òkúta mẹ́ta, tọ́rọ́. Wàá mú ọsàn, wàá fi tọ́rọ́ sílẹ̀, ó parí. N kò mọ ọjọ́ tí a gbé òkúta náà kúrò.

Má sì jẹ́ kí ẹwà ilẹ̀ wọn fọ́ ọ lójú pátápátá. Apá àríwá Scotland tó tẹ́ rẹrẹ, tó dá wáí, tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, àwọn onílẹ̀ ló lé èèyàn kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn kí àgùntàn lè ráyè jẹko. Norway tí ò ń wò yìí náà, epo rọ̀bì ló ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1969 ni wọ́n rí kànga ńlá wọn ní Ekofisk. Àwa ti rí tiwa ní Oloibiri láti 1956. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru.

Ọ̀rọ̀ físà ló kàn. Owó rẹ̀ jẹ́ €90, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ìbéèrè ìyá àgbà rẹ gan-an ni òṣìṣẹ́ físà máa bi ọ́, bó bá tilẹ̀ wọ kóòtù: kí lo fẹ́ lọ ṣe? Bí ọmọ Jámánì bá ní òun fẹ́ lọ wo òkè, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní físà. Bí ọmọ Nàìjíríà bá sọ ọ́, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá àpótí kan wà níbì kan. Nítorí náà má lọ sọ pé o fẹ́ gbatẹ́gùn. Kọ orúkọ ọ̀nà tí wàá rìn sílẹ̀, ibi tí wàá sùn lálaalẹ́, ọjọ́ tí wàá padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ilé iṣẹ́ rẹ sì kọ̀wé tì í. Fi fọ́tò òkè Ìdànrè tí o gùn lọ́dún ìjẹta sí i. Ó dùn mí pé dandan ni kí o wá ìdí fún ìrìn tí àìnídìí rẹ̀ gan-an jẹ́ adùn rẹ̀.

Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa nínú ìwé àwọn onímọ̀, Malimbus ibadanensis. Elgood tó ń kọ́ni ní Yunifásítì níbí ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Dúdú ni, pupa wà lórí rẹ̀ àti láyà rẹ̀, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé láyé. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfúrufú láti Yúróòpù nítorí rẹ̀. Wọ́n á dúró nínú igbó IITA níbí láti ìdájí, awò lójú, ẹ̀fọn á máa jẹ wọ́n, inú wọn á sì máa dùn. Èmi tí wọ́n bí sí Bẹyẹrúnká, n kò rí i rí. Mo ń sọ ọ́ kí o lè ní èsì bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá bi ọ́ pé ibo lo ti wá.

Ìyá àgbà rẹ padà pè mí lẹ́yìn ìrun. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé oòrùn kì í wọ̀ níbi tí ò ń lọ. Òótọ́ ni, ní Tromsø, ìlú kan lápá àríwá Norway, láti nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún títí dé nǹkan bí ọjọ́ 22 oṣù Keje. Wọ́n ní kí n bi ọ́: ìgbà wo lo máa wá kí Mọ̀gàríbì? Mo ní àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, pé àwọn kan ń tẹ̀lé aago Mẹ́kà. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti ń rọ̀.

Bàtà ló kù. Má dúró dìgbà tí o bá fẹ́ wọkọ̀. Rà á báyìí, kó lè mọ ẹsẹ̀ rẹ. Bí o bá ń bọ̀ wálé fún ọdún Òkèbàdàn, wọ̀ ọ́ wá. A óò gba Bẹẹrẹ gòkè Màpó, a óò sọ̀ sí Ọjà'ba, a óò tún forí lé Òkè Ààrẹ lọ sí ilé gogoro Láyípo, àtẹ̀gùn 47 ni wọ́n kọ́ sínú rẹ̀ ní 1936, orúnkún mi ṣì gbé e. Àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á rí wa tí a ò gbé igbá, tí a ò dì mọ́ nǹkan kan, wọ́n á sì bi wá pé níbo là ń lọ. Jẹ́ kí èmi dá wọn lóhùn. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ láti 1984.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré.