Igbá Tí Mo Sọ Sábẹ́ Ibùsùn

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ igbá lásán dójú tì mí níwájú ìyá ọkọ mi.

Nígbà tí mo délé ọkọ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, Màmá fún mi ní igbá mẹ́ta. Mo dúpẹ́, mo sì kó wọn sábẹ́ ibùsùn; ike ni mo ń lò. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàńkàrá, wọn a bá a fi kólẹ̀. Ní tèmi, èkúté àti kòkòrò ni ó bá mi jẹ méjì nínú wọn. Nígbà tí Màmá ń bọ̀ wá kí wa, mo sáré ra tuntun lọ́jà Odò-Ògbè, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo bu omi fún wọn. Wọ́n mu ún díẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀.

“Ìyàwó mi, igbá yìí korò. Àwọn tí mo fún ọ dà?”

Ẹnu mi wọhò.

Àṣé ńṣe ni à ń rẹ igbá tuntun sómi, tí a ó máa pààrọ̀ omi náà láràárọ̀, tí a ó máa fi kànìnkànìn ha inú rẹ̀, tí a ó sì sá a sóòrùn, títí omi inú rẹ̀ kò fi ní korò mọ́. Ẹ má fi èyí ṣeré, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé: oró kíkorò inú agbè a máa fa èébì àti inú rírun.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun agbè. Ní 2014, àwọn onímọ̀ fi hàn pé tiwa ni agbè àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá tan. Ó fúyẹ́, ó ń léfòó, ìgbì òkun ni ó sì gbé e débẹ̀. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀nuwá, amọ̀ àti idẹ ni ẹ ó rí jù, nítorí igbá a máa jẹrà nínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kí ike tó dé, kèrègbè tí a fi ṣùkù àgbàdo dí lẹ́nu ni ẹmu ń bá wálé, àdó ni oògùn ń gbé. Ẹ bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú igbá, kò ní jó yín lọ́wọ́ bíi ti abọ́ irin.

Ẹ̀kẹta nínú igbá mi sán létí. Màmá fi irin gbígbóná lu ú ní ihò wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi òwú rán an lójú mi, láìsọ̀rọ̀. Òun ni mo fi ń ṣa ẹ̀wà báyìí.