Panápaná Tí Kì Í Gba Owó Oṣù

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ oko ni. Ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá nítorí pé ìgboro Adó ni ẹ ń gbé, tàbí nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ni ẹ ń ṣe. Láti Adó-Èkìtì dé Ìyìn àti Ìgèdè, títí dé Àrámọ̀kọ, ṣàṣà ni ilé ìjọsìn tí owó oko kò sí nínú bíríkì ara ògiri rẹ̀, ṣàṣà sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Èkìtì tí kì í ṣe owó oko ni wọ́n fi rán bàbá rẹ̀ tàbí òun fúnra rẹ̀ ní ilé ìwé. Nítorí náà, bí iná bá wọ oko, ẹ má ṣe rò pé oko nìkan ni ó wọ̀.

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé ní oṣù Kejìlá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni yóò máa fẹ́ lù wá títí di oṣù Kejì. Ètè á máa là, koríko á gbẹ, ewé kòkó tó ti rẹ̀ sílẹ̀ á máa dún pàrà-pàrà lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi bébà. Ewé kan sì wà tí àwọn bàbá wa ń pè ní Akíntọ́lá-takú (àwọn mìíràn ní ti Awólọ́wọ̀ ni, ṣùgbọ́n a kò ní torí ìṣèlú bá ara wa jà níhìn-ín). Ilẹ̀ yòówù tí a bá pa tì, òun ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Nígbà òjò, ó tutù minimini. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó dà bí ẹni pé ènìyàn da kẹrosíìnì yí oko ká.

Ìṣáná ẹyọ kan tó. Ẹni tí ń sun ilẹ̀ tí yóò fi gbin iṣu lè dá a. Ẹni tí ń fi iná lé ọ̀yà àti òkété jáde lè dá a, pẹ̀lú ẹni tí ń fi èéfín kó oyin, ẹni tí ń mu sìgá lọ lójú ọ̀nà, àti darandaran tó fẹ́ kí koríko tútù hù fún màlúù rẹ̀. Èmi kò tíì rí iná ọ̀gbẹlẹ̀ kan ní ilẹ̀ wa tí ó já bọ́ láti ọ̀run. Ọwọ́ ènìyàn ni.

Àwọn tí kò dá oko kòkó rí a máa rò pé iná gbọ́dọ̀ ga kí ó tó lè pa igi. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iná inú kòkó lè má ga ju orúnkún lọ. Orí ewé gbígbẹ ni ó ń rìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò kánjú. Ṣùgbọ́n èèpo igi kòkó fẹ́lẹ́. Bí ooru bá ti mú un ní ìdí, ó tán. O lè wo igi náà lọ́jọ́ kejì kí ewé rẹ̀ ṣì wà lókè, kí o máa dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Kòkó tuntun yóò sì gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Fún opó tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé, àwọn panápaná ìjọba ńkọ́? Wọ́n wà, nọ́ńbà 112 sì ni ti pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà. Ó dára kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá tó ru omi kò lè gba ojú ọ̀nà oko tí ọ̀kadà pàápàá ń fi agídí kọjá. Kí ó tó dé, iná ti jẹun tán. Ẹni tí ń pa iná oko ní ilẹ̀ Èkìtì ni ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí èéfín.

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú ara mi nígbà tí mo ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní abúlé oko kan lójú ọ̀nà Ìjàn. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni, àkókò tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ le jù. Ìyá kan rí èéfín ní ìhà òkè, ó sáré lọ sí abẹ́ igi níbi tí a so rímù ọkọ̀ àtijọ́ mọ́, èyí tí a fi ń ṣe agogo ìjọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú kíkankíkan. Ní abúlé yẹn, bí agogo bá dún ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsìn, gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó kọ́kọ́ jáde: ọdẹ méjì, bíríkìlà kan, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama mélòó kan, adẹ́mu kan, ọmọ Ìmáàmù abúlé kejì, àti àwa láti inú ìjọ. Kò sí ẹni tí ó bi ẹnì kejì pé oko ta ni.

Àgbà nínú àwọn ọdẹ náà ni ó di ọ̀gá wa. Kò lọ sí ilé ìwé kankan tí wọ́n ti ń kọ́ iná pípa, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ka díẹ̀ nínú ohun tí àwọn panápaná ilẹ̀ òkèèrè fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn, ohun kan náà ni. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró níwájú iná, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, nítorí iná a máa sáré gun òkè ju bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ó kó wa gba ibi tí ó ti jó tán, kí a lè máa mú un láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí a gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù, kí a máa fi tẹ iná mọ́lẹ̀. Kí a má ṣe máa nà án bí ẹni tí ń pa ejò, nítorí ẹyin iná yóò fò lọ sẹ́yìn wa. Àwọn kan ń gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí ojú ọ̀nà rẹ̀, nítorí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn méjì bu omi sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín kòkó, wọ́n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Àwọn obìnrin ń ru omi láti odò, Bàbá sì ní kí wọ́n má wulẹ̀ dà á sí iná: ti mímu ni, àti ti aṣọ tí a óò rẹ láti fi bo imú.

A jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ìhà kan, iná dé ibi tí àwọn olóko ti ṣán ọ̀nà fífẹ̀ kan nínú oṣù Kejìlá, tí wọ́n sì gbá ewé rẹ̀ kúrò. Ó dúró síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí ó rí odò. Kò sí ẹni tí ó lù ú. Ní ìhà kejì tí ẹnikẹ́ni kò ṣán, ó wọ kòkó opó kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ wa, ó sì jẹ èyí tí ó ju ìdajì lọ. Ibẹ̀ náà ni iná ti mú bíríkìlà wa. Ṣòkòtò ọ̀rá ni ó wọ̀ wá láti ibi iṣẹ́, ooru sì yọ́ ọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ọmọkùnrin náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ìjọ dá owó. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, owó náà kéré. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀kẹta, ìyá rẹ̀ ti ń ta aṣọ òkè rẹ̀. Àwọn tí ó bá wọn gba oko là ń pàdé ìyá yìí lójú ọ̀nà, wọ́n ń kí i pé ó kú ìyọnu, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Ní ìpàdé àdúrà ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkan pé ọfà ọ̀tá ni iná náà, pé àwọn àjẹ́ ilé ọkọ opó yìí ni wọ́n rán an. Èmi gbà pé ọ̀tá wà. Ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ni ó mọ ẹni tí ó dá iná yẹn. Ọmọ ìjọ wa ni, ọ̀yà ni ó ń lé. Mo dá àdúrà náà dúró, mo ní kí a ṣí ìwé Ẹ́kísódù orí 22, ẹsẹ 6. Ẹ lọ kà á nílé. Ẹni tí iná rẹ̀ bá mú ẹ̀gún tí ó sì jó ọkà ẹlòmíràn, òfin náà kò bi í léèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀. Ó ní kí ó san án. Kò sí àjẹ́ nínú ẹsẹ náà.

Ọkùnrin náà kò sẹ́. Ó sunkún, ìjọ bá a sunkún, ọ̀pọ̀ sì rò pé ó ti tán níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ opó náà, mo bi í bóyá ó ti dárí jì í. Ó wò mí dáadáa. Ó ní, “Ẹ gbọ́, Pásítọ̀, mo ti dárí jì í láti àná. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í so kòkó.”

Ní gbogbo ọdún tí mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, n kò gbọ́ ìwàásù tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì wọ ara tó bẹ́ẹ̀. A pe àwọn àgbà jọ. Ọkùnrin náà gbà láti wá ọmọ kòkó, láti gbìn ín, láti máa ro ìdí rẹ̀, àti láti dá sí owó ilé ìwòsàn. Ó ṣe é fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ó kó lọ sí ìhà Oǹdó, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó san díẹ̀, kò san tán. N kò ní ìtàn tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ fún yín nípa rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni ọ̀rọ̀ iná yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí ní 1983, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀dá mú ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọyẹ́ ọdún yẹn le, iná sì mú apá kan nínú kòkó bàbá mi. Ní oṣù Kìíní ọdún náà gan-an ni ìjọba Alhaji Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ máa lọ. Ará Gánà kan wà tí ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ oko, ó mọ kòkó jù wá lọ. Mo rántí ọjọ́ tí ó gbé àpò onílà-onílà rẹ̀ jáde, irú èyí tí gbogbo ayé wá ń pè ní Ghana-must-go.

Bí mílíọ̀nù kan ará Gánà ni ó padà sílé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iná igbó àti ìyàn ni wọ́n sì bá nílé. Orílẹ̀-èdè tí ó ti kórè kòkó tí ó ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní ọdún kan láàárín 1960 sí 1969, nǹkan bí 159,000 péré ni ó rí ní 1983/84. Iná nìkan kọ́ ni ó fà á, nítorí iye tí ìjọba wọn ń san fún àgbẹ̀ ti kéré tipẹ́. Ṣùgbọ́n iná wá fi kún un. Wọ́n ṣe òfin iná igbó ní 1983, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1990, èyí tí ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa dá ẹgbẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti pa iná sílẹ̀ ní ìlú wọn. Àwọn panápaná ìjọba ni ó ń kọ́ wọn. Ẹ má sì rò pé àìní ni ó ń mú ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Australia, tí wọ́n lówó jù wá lọ fíofío, àwọn tó ju 70,000 ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún iná igbó láìgba owó oṣù.

Ní abúlé wa, ọ̀wẹ̀ àti àáró tí àwọn bàbá wa fi lélẹ̀ ni a gbé dìde. Nínú oṣù Kejìlá, kí ọyẹ́ tó le, ilé kọ̀ọ̀kan ń yọ ẹnì kan, wọn a ṣán àyíká oko, wọn a gbá ewé kúrò títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn. Oko opó àti ti arúgbó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ni kò ní ọmọ nílé tí yóò bá wọn ṣán an. Ẹni tí ó bá fẹ́ sun ilẹ̀ yóò sọ fún àwọn tí wọ́n jọ pààlà, yóò sun ún ní kùtùkùtù nígbà tí ìrì ṣì wà, yóò sì dúró tì í. Bí iná bá sì ti kú, wọn kì í lọ sílé tán. Ìtì ọ̀pẹ lè máa jó nínú fún ọjọ́ mélòó kan, kí afẹ́fẹ́ wá jí i nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn. Nítorí náà àwọn ọmọkùnrin kan a máa sùn sí oko láti ṣọ́ ọ.

Àpótí ni ó fa àríyànjiyàn jù. A ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dá owó sínú rẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, fún ìtọ́jú ẹni tí iná bá mú. Àwọn kan ní àìnígbàgbọ́ ni, pé ó dà bí ẹni ń pe ibi. Mo bi wọ́n pé, kí ni àwọn ènìyàn Nehemáyà ń fi ohun ìjà ṣe lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń mọ odi? Oṣù méjì ni a fi jiyàn kí wọ́n tó gbà. Ìdílé Ìmáàmù ń dá tiwọn, adẹ́mu ń dá tirẹ̀, ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ wa rárá. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Bíríkìlà wa ni olórí wọn títí di òní. Ó ń tiro díẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ó ti tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rímù náà pẹ̀lú àdá wọn, ó ń fi ọwọ́ wo aṣọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan wọ ṣòkòtò bọ́ọ̀lù. Ó ní kí ó padà sílé lọ wọ èyí tí a fi òwú ṣe, kí ó sì bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó wọ bàtà. Ọmọ náà ń ráhùn pé oko lásán ni àwọn ń lọ ṣán, pé iná kò tíì dé.

Ó ní, “Mo mọ̀. Lọ pààrọ̀ rẹ̀.”