Ìyípo Kan Tó Kù

Mẹ́rin ni wá. Ilé kan náà la jọ háyà ní Yaba lẹ́yìn tí a ṣe agùnbánirọ̀ tán, kóòdù kíkọ sì ni gbogbo wa fi ń jẹun. Lọ́jọ́ Sunday, tí àwọn ẹgbẹ́ wa bá ti gba ilé ìwo-bọ́ọ̀lù lọ, àwa a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, à ń wo ọkọ̀ tó ń yípo ojú kan. Ìyá onílé wa wá gba owó omi lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró wò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, níbo gan-an làwọn wọ̀nyí ń sáré lọ?" A ní, "Kò síbi tí wọ́n ń lọ, mà. Ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n ń padà sí." Wọ́n mi orí. "Ẹ sì lọ yunifásítì o."

Hamilton ló mú wa wọ inú Formula 1, a ò ní parọ́. Nínú awakọ̀ 20 tó wà nígbà náà, òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú. Grenada ni ìdílé bàbá rẹ̀ ti wá, bàbá náà sì ń pa iṣẹ́ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ kí ọmọ lè rówó wa ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìdíje. Èwo nínú wa ni wọ́n fẹ́ ṣàlàyé irú bàbá bẹ́ẹ̀ fún? Ní 2020 ó gba ife-ẹ̀yẹ keje, ó bá Michael Schumacher dọ́gba. Ìkẹjọ là ń retí ní 2021.

Àwa mẹ́ta ni o. Ẹnì kẹrin wa, Max Verstappen ló ń ṣe. Ó ní ẹni tó ti gba méje kò nílò àdúrà òun mọ́. La bá sọ ọ́ ní Ọ̀dàlẹ̀, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, kì í tiẹ̀ pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ìdíje 22 ló wà lọ́dún náà. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní á gba póìǹtì 25, ìkejì 18, á máa rẹlẹ̀ bọ̀ títí dé ẹnì kẹwàá tó ń mú ẹyọ kan lọ sílé. Ọ̀kan nínú wa kọ ètò kékeré kan tó ń bá wa ṣírò rẹ̀. Integer ló fi ṣe é, torí ta ló ń fún èèyàn ní ìlàjì póìǹtì? Ó di Spa, ní Belgium, ní ìparí oṣù Kẹjọ. Òjò ò dá, àwọn ọkọ̀ kàn tẹ̀lé safety car yípo díẹ̀, wọ́n ní ìdíje ti parí, wọ́n pín ìlàjì póìǹtì. Ètò wa dà rú.

Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Keje, Silverstone ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ní ìyípo àkọ́kọ́, táyà iwájú Hamilton kan táyà ẹ̀yìn Max níbi kọ́nà tí wọ́n ń fi eré burúkú gbà, Max sì lọ kọlu ògiri. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 jẹ Hamilton níyà, síbẹ̀ òun ló gba ipò kìíní. Àwa mẹ́ta ń jó nínú pálọ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ní, "Ẹ̀ ń jó, èèyàn wà ní ọsibítù." A dákẹ́ díẹ̀. A tún jó. Kò bá wa jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. A mọ̀ pé òun ló jàre, a ò kàn sọ ọ́ ni.

Tí ẹ bá ní ká mú ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀, São Paulo la máa mú, ní oṣù Kọkànlá. Wọ́n wọn àlàfo ìyẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ Hamilton, ó ju mílímítà 85 tí òfin gbà lọ, wọ́n dá a padà sẹ́yìn pátápátá. Láti ipò ogún, ó parí eré kúkúrú ti Saturday ní ìkarùn-ún. Wọ́n tún fi ipò márùn-ún jẹ ẹ́ níyà nítorí ẹ́ńjìnnì tuntun. Láti ìkẹwàá ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ó sì kọjá gbogbo wọn. Ìdíje kù bí ìyípo ogún nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Ta ló sáré jáde lọ fa jẹnẹrétọ̀? Ọ̀dàlẹ̀ ni. Ó tan iná kó lè wo bí wọ́n ṣe máa kọjá ẹni tiẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni èsì dé. Òun àti Ẹ̀gbọ́n ló jọ fi ìwé sílẹ̀ láti lọ sókè òkun. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́, ìwé-ẹ̀rí ẹ̀ka kan náà, owó báńkì wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jura lọ. Wọ́n fún Ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n dá ti Ẹ̀gbọ́n padà pẹ̀lú ìlà mẹ́ta tí kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ra mááltì, a jọ mu ún, a bá Ọ̀dàlẹ̀ yọ̀. Kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tó fi máa di 12 oṣù Kejìlá, tí wọ́n dé Abu Dhabi fún ìdíje ìkẹyìn, póìǹtì 369.5 ni Hamilton ní. 369.5 ni Max náà ní. Aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, a ti ra epo sílẹ̀. Hamilton ló wà níwájú, ó ti fẹ́ parí. Ní ìyípo 53 nínú 58, Nicholas Latifi kọlu ògiri, safety car sì jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Tí safety car bá jáde, gbogbo ọkọ̀ á tò sẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọjá ẹnìkejì, gbogbo àlàfo tí ẹni iwájú ti fi òógùn kó jọ á pòórá. Max yà, ó gba táyà tuntun. Hamilton ò lè yà kó má pàdánù ipò rẹ̀. Táyà tó ti ń lò láti ìyípo 14 ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tó kù tó ń dáàbò bò ó ni ọkọ̀ márùn-ún tó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí òun fúnra rẹ̀ ti kọjá ní odidi ìyípo kan. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Nígbà tó yá, Michael Masi tó ń darí ìdíje ní kí márùn-ún yẹn kọjá lọ. Márùn-ún yẹn nìkan o. Mẹ́jọ ni gbogbo irú wọn tó wà lórí pápá. Òfin sì ní kí safety car tún yí ìyípo kan sí i lẹ́yìn ìyẹn. Kò yí i. Ó yà kúrò, ó ku ìyípo kan. Ní kọ́nà karùn-ún, Max kọjá.

Ọ̀dàlẹ̀ pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì rò pé olè ló wọlé. Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ di ti òfin. "Any cars" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ sì wo irú iṣẹ́ tí à ń ṣe: bí èèyàn bá kọ any síbi tó yẹ kó kọ all, ojú ẹ̀ á rí màbo láago méjì òru. Ọ̀dàlẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, any kì í ṣe all. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n." A ò mọ̀ pé ohun tí àwọn Red Bull máa rò níwájú àwọn adájọ́ ìdíje lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ò pariwo. Ó ní, "Ó lè yé ọ. Ìwọ ni wọ́n ṣí ọ̀nà fún."

Kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń sọ. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níta. Ọ̀dàlẹ̀ dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Oṣù Kìíní ló lọ. Àwa méjì yòókù la sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀gbọ́n ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun.

Ní oṣù Kejì wọ́n mú Masi kúrò nípò. Ní oṣù Kẹta, àbọ̀ ìwádìí FIA jáde: àṣìṣe ẹ̀dá ni, kò ní èrò ibi lọ́kàn, èsì ò ní yí padà. Wọ́n sì ti tún òfin kọ, any ti di all. Ọ̀dàlẹ̀ ya fọ́tò ìlà yẹn, ó jù ú sórí WhatsApp wa, kò kọ nǹkan kan sí i. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fèsì. Ẹ̀gbọ́n ló wá kọ ọ́ pé, "Aago mélòó ni Bahrain?"

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, àárọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ rẹ̀. A gbé fóònù ti ara ìgò omi kó lè máa rí wa. Ìdíje kù díẹ̀ kó parí, ọkọ̀ Max kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Hamilton ṣe ìkẹta. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa, Ọ̀dàlẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú wa. Bó ṣe fẹ́ pa fóònù, Ẹ̀gbọ́n gbà á lọ́wọ́ wa.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹ, Ẹ̀gbọ́n."

"Lọ jẹun."